Àjàní, Bàbá Ṣadé Ṣì Ń Ṣọ́ Géètì

Ilé wa, ẹ̀yìn Siluko Road,
Bìní.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Kúnlé, Àjàní ọkọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí mo mọ̀ pé bí ebi bá ń pa ọ́, o kì í lè ka ohunkóhun dópin. Ara èmi le. Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò bínú mọ́ nípa rédíò tí o gbé lọ, ṣùgbọ́n kí o dá a padà.

Bí o bá rí i bí ìwé yìí ṣe nípọn tó, wàá ní, "Mummy, why didn't you just call?" Mo pè ọ́, ọkọ mi. "I dey meeting, Mummy, I go call back" lo fi dá mi lóhùn, o kò sì pè. N kò bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, mo fẹ́ kí o lè padà kà á. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí pé inú Yorùbá gan-an ni ìṣòro náà ti ṣẹlẹ̀. Fi ẹ̀sọ̀ kà á. Èyí tí kò bá yé ọ, kà á sókè. Etí rẹ yóò dá a mọ̀ kí ojú rẹ tó dá a mọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo bá ọ yọ̀. Ọmọ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá káàkiri Uselu àti òpópónà wa, tó ń kan géètì onígéètì láti mọ ilé tó fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì onífáíbà, ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù gbé lọ sí Èkó, tí wọ́n sì fi sídìí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń retí okùn fáíbà náà. Èmi ẹnjiníà ti lo ọjọ́ ayé mi nídìí okùn. Ìwọ yóò lo tìrẹ nídìí ọ̀rọ̀ tó ń ṣíwájú okùn dé ilé. Iṣẹ́ tìrẹ ló le jù nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ̀wé.

Kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn kankan, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa.

O mọ Bàbá Ṣadé, ará Oǹdó tí ilé wọn wà ní ìkángun òpópónà wa. O mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlagi tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi dàgbà ló gba etí wọn, àti pé ẹnu ènìyàn ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ. Mo yà kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orí àga ni mo bá wọn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Mo dúró níwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu mi, mo ní, "Ẹ káàsán o, Bàbá Ṣadé."

"Ìyá Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Ẹ ti dí géètì mọ́ mi lójú."

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Ìyá Ṣadé jáde láti inú ilé, ó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ má dá wọn lóhùn," ló wí. "Wọ́n ti gbaṣẹ́ máígáàdì. Láàárọ̀, géètì ni wọ́n ń wò, lọ́sàn-án, géètì ni. Ibí yìí ni wọ́n ti ń jẹun. Èmi tí wọ́n fẹ́ níṣu lọ́kà, wọn kò fi ìgbà kan wò mí tó báyìí rí."

"Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ mi," ni Bàbá Ṣadé wí, láìgbójú kúrò lára géètì. "Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí yín. Ẹ kọjú sí mi kí ẹ bú mi dáadáa."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ṣadé mú mi wọ ilé ìdáná, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n Bàbá Ṣadé obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, wà lórí àìsàn ní Oǹdó. Ìyá àgbà náà kò lè dìde mọ́. Ohun tó ń béèrè lójoojúmọ́ kò ju "Àbúrò mi dà?" lọ. Àwọn ẹbí ti ránṣẹ́, wọ́n tún ránṣẹ́. Bàbá Ṣadé kọ̀, wọn kò lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá ti ilé pa lọ sí Oǹdó, ọjọ́ náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ fáíbà yóò dé, wọn yóò kan géètì, wọn kò ní rí ẹni dáhùn, wọn yóò sì kọjá sí ilé ẹlòmíràn. Ìdí tí wọ́n sì fi ń jókòó síta ni pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá kan géètì nígbà tí àwọn wà nínú ilé, àwọn kò ní gbọ́. Ìyá Ṣadé kò lè fi wọ́n sílẹ̀ kó dá lọ, àwọn náà kò sì lè dá rìn ní ojú títì tí wọn kò ti ní gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Mo padà síta. Mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi yóò bá wọn ṣọ́ ilé.

"Ọmọ yín tó wá kọ orúkọ wa ní kí n rí i pé mo wà nílé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé," ni wọ́n wí. "Kò ní kí n gbé e fún aládùúgbò."

Mo jókòó sí iwájú wọn, mo là á yé wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní okùn náà kò tíì wọ òpópónà wa rárá, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó wọ̀ ọ́. Wọ́n wò mí lẹ́nu títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ẹnjiníà ni yín, mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń bọ̀ ni? Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, ó ṣì ń bọ̀. Bí kò bá bọ̀ mọ́, ẹnu òun náà ni kí n ti rí i."

Mo bi wọ́n pé kí ni o sọ gan-an. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì fi ẹnu wọn ṣe é fún mi bí wọ́n ṣe rí i lẹ́nu rẹ, láìmú ohùn jáde: *A ń bọ̀.*

Àjàní, gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń wí fún ọ pé a kì í jáde nílé ká ní "mo lọ". Ẹni tí kò ní padà là ń sọ pé ó lọ. "Mo ń bọ̀" là ń wí, bí a tilẹ̀ ti kẹ́yìn sí ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ọmọ Bìní náà kò yàtọ̀, "I dey come" ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ. Ìwọ bọ̀wọ̀ fún àgbà, o ní, "A ń bọ̀, sà," ìyẹn ni pé ó dìgbóṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọ́ tán ni pé ìgbà wo ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò gbé okùn wá. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ ìbá mọ̀ pé ohùn ẹni tó ń dágbére ni. Bàbá Ṣadé kò gbọ́ ohùn, ẹnu nìkan ni wọ́n rí. Ohun tí ìwọ fi dágbére, ìdáhùn ni wọ́n kà á sí.

Má sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ẹni tí ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò dìgbà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kí ilẹ̀ tó tutù.

Bóyá o kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń retí okùn náà tó bẹ́ẹ̀. Ṣadé ọmọ wọn wà ní Kánádà. Kò wúlò kí ó pè wọ́n lórí fóònù. Wọn kò kàwé púpọ̀, ìyàwó wọn ló ń ka ohun tó bá kọ ránṣẹ́, tó sì ń fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gbìyànjú láti fi módẹ́ẹ̀mù wo Ṣadé lójú kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà ń dúró, ó ń fò, ó tún ń dúró. Bàbá Ṣadé ní, "Ọmọ mi yanu sílẹ̀ bí ẹja, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan kó níbẹ̀." Ìwọ àti èmi lè fara da àwòrán tó ń dúró, nítorí ohùn yóò kún àlàfo rẹ̀ fún wa. Fún ẹni tó ń ka ẹnu, bí ètè bá dúró, ọ̀rọ̀ ti kú. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣàn geere, tí kì í já, ni wọ́n nílò láti rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ wọn. Kì í ṣe ìgbádùn ni wọ́n ń wá.

Ó dára. Jẹ́ kí n wá kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé o kò mọ ohunkóhun. Má bínú.

Fáíbà jẹ́ okùn gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ sáré. Okùn ńlá ti wà lábẹ́ Siluko Road tipẹ́, èmi náà wà lára àwọn tó rì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn aṣọ tí ènìyàn lè gé níbi tó bá wù ú. Ó ní ibi tí a ti lè ya ẹ̀ka lára rẹ̀. Kí a tó gbẹ́lẹ̀ fún ẹ̀ka náà, ìwé àṣẹ ń bẹ: ọ́fíìsì kan ló ni ojú ọ̀nà, òmíràn ló ni gọ́tà, òmíràn tún ni ilẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Yàrà àtijọ́ tó yí ìlú Bìní ká, a kò gbọdọ̀ fi dígà kàn án, a ní láti gba ibòmíràn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa yìí á máa ya lu ohun tí a gbẹ́. A ó rì í tán, katapílà tó ń tún ọ̀nà ṣe á hú u jáde. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ilé iṣẹ́ yóò ka ilé, bí àwọn tó fẹ́ ẹ ní òpópónà kan kò bá pọ̀, wọn yóò kọ́kọ́ lọ sí òmíràn. Àtidé ẹnu ọ̀nà kọ́ ni àtiwọlé. Èmi kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni lórí ìfàsẹ́yìn yìí, bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí kò rí ìwé àṣẹ, kò rí yàrà, kò rí katapílà. Géètì rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Ìmọ̀ràn mi wá nìyí.

Èkíní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun dé, tí mo ń gbéra ga díẹ̀, wọ́n ní kí n jó okùn méjì pọ̀ ní Uselu. Ẹ̀rọ kan ló ń fi iná jó wọn pọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi sípírítì nu orí méjèèjì kí ó mọ́. Mo rí eruku bíńtín lórí ọ̀kan. Dípò kí n tún un nù, mo fẹnu fẹ́ ẹ, fúù! Osaro, ẹnjiníà ẹgbẹ́ mi, rí mi. Ó pariwo, "Engineer, na hot pap you dey blow?" Títí di òní ló fi ń pè mí ní "Madam Hot Pap". Oríkèé náà kò mú, nítorí ọ̀rinrin wà nínú èémí ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀, ó rẹ̀wẹ̀sì. A tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé èémí mi kò ní ibi nínú, síbẹ̀ ó ba iṣẹ́ jẹ́. Nídìí iṣẹ́ tuntun rẹ, wọn yóò fẹ́ kí o máa fẹ́ atẹ́gùn sórí òtítọ́ kó lè tutù. "Láìpẹ́." "Ó kù díẹ̀." "Ẹ máa retí wa." Ọ̀rọ̀ dídùn ni gbogbo wọn. Má fẹ́ ẹ, ọkọ mi. Bí kò bá sí ọjọ́, kọ ọ́ pé kò tíì sí ọjọ́. Sọ ohun tó kù fún wọn: ìwé àṣẹ ni a ń dúró dè, tàbí a kò tíì gbẹ́ òpópónà yín. Sọ ìgbà tí wàá tún bá wọn sọ̀rọ̀, kí o sì bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí kò tilẹ̀ sí ìròyìn tuntun kankan. Ẹni tó bá mọ̀ pé okùn kò ní dé lónìí lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èkejì. Wọ́n rán mi lọ fa okùn gba ọ̀nà Ekiadolor. Mo wọn ilẹ̀ náà, mo tún un wọ̀n, mo sì gé okùn náà gẹ́rẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe gùn. Kò ṣẹ́ kù, kò dín. Mo ń fi í yangàn. Ọ̀gá mi kan bi mí pé níbo ni mo ká àṣẹ́kù sí, mo ní kò sí àṣẹ́kù, mo ti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ ojú ọ̀nà, wọ́n ní kí a sún okùn wa wọ inú igbó díẹ̀. Kò ṣeé sún. A gé e, a sì fi òmíràn tò ó. Láti ìgbà náà, mi ò ri okùn kan mọ́ láì ká díẹ̀ sílẹ̀ sínú kòtò.

Ká díẹ̀ sílẹ̀, Àjàní. Nínú àkókò tí o bá dá fún ènìyàn, ká díẹ̀ sílẹ̀. Nínú owó oṣù rẹ pẹ̀lú. Bí o bá mú ìyàwó wálé, tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn ọ́, má jẹ́ kí sùúrù rẹ jẹ́ gẹ́rẹ́gẹ́. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí n má gbàgbé, má fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ alẹ́ lójoojúmọ́. Kí o sì wá ìjọ tí wọ́n ti ń kọrin Yorùbá, kì í ṣe nítorí tèmi, nítorí ẹnu rẹ ni. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ sí, o pe "ọkọ̀" bí ẹni ń pe "ọkọ". Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo ìwé yìí: ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò lè dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣadé. Ìwé kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Èmi sọ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe ẹnu mi. Wá lọ́jọ́ Sátidé. Má jẹ́ kí ó di Sátidé tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Oǹdó kò lè dúró de ìwé àṣẹ.

Bí wàá ṣe ṣe é nìyí. Fá irùngbọ̀n àti irunmú tí mo rí nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ó yẹ ọ́, ṣùgbọ́n ó bo ètè. Wá nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́. Jẹ́ kí oòrùn máa tàn sí ojú rẹ, má kẹ́yìn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú rẹ á dúdú mọ́ wọn lójú. Má pariwo, ariwo máa ń fa ẹnu wọ́. Má sì sọ pé, "A ò mọ̀." Ètè ń pàdé bákan náà fún "mọ̀" àti fún "bọ̀". "A ò bọ̀" ni wọn yóò rí, wọn yóò rò pé a ti pa wọ́n tì, ìyẹn kì í sì í ṣe òtítọ́. Sọ pé, "Kò tíì sí ọjọ́. Ẹ lọ sí Oǹdó. Orúkọ yín wà nínú ìwé wa, mo sì ti kọ ọ́ sí i pé etí yín kò gbọ́rọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wá bá ìyá mi." Kí o tó kúrò ní Èkó, rí i pé o ti kọ ọ́ lóòótọ́.

Bí o bá sọ ọ́ tán, má dìde. Wọn yóò ṣì máa wo ẹnu rẹ, bóyá ohun kan ṣì kù. Jókòó tì wọ́n, pa ẹnu rẹ dé, jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó tán.

Mo bi Ìyá Ṣadé lánàá bóyá kí n bá a di ẹrù ìrìn-àjò sílẹ̀. Ó ní òun ti dì í tipẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, òun a máa tú aṣọ inú rẹ̀ sá sóòrùn lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọkọ òun bá wà níwájú ilé, kí ó má baà bu.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bí ó ti lè kọ ọ́ lọ,
Màmá Kúnlé.